Èmi Ni Àwọn Yòókù

Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ mi. Alága ìgbìmọ̀ ìgbéga yunifásítì wa ló sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Mo jókòó síwájú wọn nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti sọ di yìnyín, mo ká ọwọ́ lé itan, mo ń gbọ́. Ó ní òṣìṣẹ́ kára ni mí, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa di ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, pépà ńlá kan tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń tọ́ka sí, orúkọ tirẹ̀ gan-an ló sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú lórí rẹ̀. Mo ní mo ní i. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi.

Ó ní, "Èyí tí ẹ ń wí yìí, mà, ti Ọ̀gá yín ni. Ẹ̀yin wà lára àwọn yòókù."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará iṣẹ́ wa, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí èèyàn bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jọ kọ pépà, ìyẹn ìwé ìwádìí, tí ẹlòmíràn wá fẹ́ sọ nínú ìwé tirẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn lòun ti rí nǹkan kọ́, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló máa kọ. Àwọn tó kù á wá di "àti àwọn yòókù". Bí wọ́n bá ṣe ń tọ́ka sí pépà yẹn tó, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ń tàn tó, òun náà ni wọ́n sì fi ń wọn bí èèyàn ṣe já mọ́ nǹkan tó nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n mọ Ọ̀gá mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ní Ṣáínà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Bùràsíìlì. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe sólà tí wọ́n fẹ́ gbé sí etí òkun, wọ́n mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ náà, orúkọ tí ayé mọ̀ mí mọ́ ni àwọn yòókù.

Inú bí mi débi pé mi ò lè dìde lórí àga. Wọ́n rò pé mò ń ronú ni. Alága wá fi kún un pé wọ́n á tún jókòó kí ọdún tó parí. Ó ní bí mo bá rí pépà tuntun kan tó lágbára, tí orúkọ mi ṣíwájú, kí n gbé e wá. Tàbí kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ àtijọ́ yẹn. Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ó parí nìyẹn, torí ẹni tó bá ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì bíi tèmi, wọn kì í pè é mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dúpẹ́, ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí n ṣe ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń bínú lé lórí.

Ohun tí mò ń kọ́ nípa rẹ̀ ni bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú ohun líle. Mo máa ń da nǹkan kan bo gíláàsì, ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ fíìfíì, mo á gbé e sínú ààrò kó lè mú gíláàsì náà dáadáa. Bí oòrùn bá kàn án, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe sólà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé etí òkun, kò ní pẹ́ tí iná ò fi ní rìn mọ́. Gbogbo èèyàn gbà pé iyọ̀ inú atẹ́gùn ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀gá náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, mò ń ka ìwé oyè dókítà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n po iyọ̀ mọ́ omi nínú abọ́ ní láàbù, kí n ki gíláàsì bọ̀ ọ́, kí n wo bí iyọ̀ ṣe ń jẹ ẹ́, kí n lọ kọ ọ́. Mo ní, sà, abọ́ kì í ṣe òkun. Ó fi mí rẹ́rìn-ín lójú gbogbo láàbù. Ó ní kí n má fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ṣe fàájì etí òkun.

Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, ń gbé ní Ikate nígbà yẹn, nínú ilé àtijọ́ kan tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn ẹ̀stéètì tó yí i ká tó dé. Òrùlé ilé náà ṣe pẹrẹsẹ lápá kan, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ lù ú láàárọ̀ lálẹ́. Ibẹ̀ ni mo to àwọn gíláàsì mi sí. Mo bá wọn wà níbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé tó tún lọ. Mò ń gun àkàbà tòun ti oyún àkọ́bí mi nínú. Àǹtí á dúró nísàlẹ̀, á di àkàbà mú, á máa ṣépè fún ẹni tó dá físíìsì sílẹ̀, á ní bí mo bá já bọ́, òun ò sí nílé o, òun ò rí mi. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun ń kọjá lọ gbàdúrà létí òkun, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí aboyún lórí òrùlé tó ń na gíláàsì sí oòrùn. Wòlíì wọn dúró. Ó gbé agogo rẹ̀ sókè, ó lù ú, ó ní kí gbogbo ẹ̀mí tó ń ti aboyún gun òrùlé gba ìdè. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ṣe àmín látòkè.

Orí òrùlé yẹn ni mo ti rí i pé iyọ̀ ò jẹ nǹkan kan. Àwọn gíláàsì tí mo fi sílẹ̀ nínú ààrò kí wọ́n tutù díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ bò wọ́n títí wọ́n fi funfun báláú, iná ṣì ń rìn nínú wọn. Àwọn tí mo sáré gbé jáde nígbà tí wọ́n gbóná ló kú. Gbígbé tí a sáré gbé wọn síta ti mú kí wọ́n sán, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń sán nígbà ọyẹ́, ó kàn jẹ́ pé ojú lásán ò lè rí i ni. Ojú sísán yẹn ni ọ̀rinrin gbà gbé iyọ̀ wọlé. Àwa la ti bà á jẹ́ látinú láàbù kó tó fojú kan òkun. Ìkánjú wa ni, kì í ṣe iyọ̀. Nígbà tó dá mi lójú, mo jókòó sórí òrùlé Àǹtí mo bú sẹ́kún, Àǹtí sì ń pariwo nísàlẹ̀ pé ṣé ọmọ ti ń bọ̀ ni.

Ọ̀gá ò gun òrùlé yẹn rí. Kò dé Ikate nítorí iṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ kan. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ronú nípa ohun líle, òun ló bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì mìíràn kí wọ́n jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ tí mo fi rí ojú sísán náà, ó sì tún Gẹ̀ẹ́sì mi tò dáadáa. Gbogbo tirẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá gbé orúkọ rẹ̀ síwájú? Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sọ pé kí n ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ní láàbù wa, orúkọ ọ̀gá ló ń ṣíwájú, bí a ṣe ń kọ́kọ́ bu ti bàbá sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ tó jẹun. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ṣíwájú, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé, kò sì ní rẹ́ni fọwọ́ sí nǹkan kan fún un mọ́. Mo tẹ orúkọ Ọ̀gá. Mo tẹ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ni ẹ̀rọ. Mo tẹ ti igbákejì Ọ̀gá, ẹni tí kò mọ̀ bóyá gíláàsì ni mò ń sun àbí búrẹ́dì. Mo wá fi tèmi sídìí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ̀gá. Ó wò ó, ó ní ọmọ dáadáa ni mí. Àwọn kan á ní ẹjọ́ mi ni, pé ta ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tún ní oyún sínú wá máa bá gbogbo láàbù jà lórí ibi tí orúkọ wà? Àgbàlagbà tó mọ̀ pé òun ò gun òrùlé, tó rí orúkọ òun lókè, tó dákẹ́, òun ni kí ẹ bi.

Pépà náà jáde. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó dá sí i. Lẹ́yìn náà làwọn kan nílẹ̀ òkèèrè gbìyànjú ohun tí mo kọ, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n tọ́ka sí i. Àwọn mìíràn tọ́ka sí àwọn yẹn àti sí wa. Ó wá ń pọ̀ sí i ṣáá. Wọ́n ń pe Ọ̀gá síbí, wọ́n ń pè é sọ́hùn-ún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sínú ẹ̀stéètì kan ní Lekki, síbẹ̀ wọn ò yéé pè é. Èmi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì ọdún àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn tí fáànù rẹ̀ ò yí, mo sì ń kọ àwọn pépà kékeré kékeré mìíràn. Mo ní kò burú. Mo ní gbogbo wa la jọ mọ̀ ọ́n.

Àfìgbà tí mo rí fídíò kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní mà, ẹ wo bàbá wa. Wọ́n pe Ọ̀gá láti sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Lekki, àwọn èèyàn pàtàkì jókòó rẹpẹtẹ. Wọ́n bi í bó ṣe rí ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀gá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní òrùlé kan wà ní Ikate. Ó ní òun gbé gíláàsì gùn ún, oòrùn ń pa òun, òjò ń pa òun. Ó ní ará ìjọ aláṣọ funfun kan tiẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan, ó lu agogo lé òun lórí, ó ń de ẹ̀mí. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sọ ìtàn yẹn fún un kó lè rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ ò dùn! Ó yọ aboyún kúrò níbẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sí i. Mo wo fídíò yẹn títí bátìrì fóònù mi fi kú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ti sọ ohun tí wọ́n sọ, mi ò ní ibòmíràn tí mo lè kọ́kọ́ lọ ju ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lọ. Mo gbé ọkọ̀ mi, mo lọ sí Lekki. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì dá mi dúró sínú oòrùn. Wọ́n pè é lórí fóònù, ó béèrè pé ta ni. Mo ní ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ láti láàbù ni. Bí mo ṣe wọ àdúgbò náà, sólà ló bo òrùlé ilé rẹ̀ látòkè délẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ kó tó kúrò nínú ààrò, tí iyọ̀ òkun ò lè rí nǹkan kan ṣe sí. Mo dúró mo ń wò ó. Mo pòṣé, mo sì wọlé.

Inú Ọ̀gá dùn láti rí mi, ìyẹn ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n gbé máàtì tútù wá kí n mu. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Mi ò dárúkọ fídíò. Mo kàn ní kó bá mi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, kó sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, mo máa fi ọkọ̀ mi gbé e lọ, mo máa gbé e padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀gá tirẹ̀ fún mi, ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Ó ní òun ṣe iṣẹ́ ọdún gbọọrọ fún ọkùnrin yẹn, ó gba gbogbo rẹ̀, ó sì kú láì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ojú rẹ̀ yí padà bó ṣe ń sọ ọ́. Mo rí i pé inú ṣì ń bí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti yé e nìyẹn, á bá mi lọ.

Ó ní, "Ta ni èmi lọ kúnlẹ̀ bá nígbà yẹn? Mo mú un mọ́ra títí ó fi kàn mí. Ìwọ náà ní akẹ́kọ̀ọ́. Jẹ́ kó kàn ọ́."

Mo ní, sà, àkókò tó kù fún mi ò tó nǹkan. Ó ní bí òun bá lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ogbó òun, tí òun sọ pé òun kọ́ ló ṣe é, kí ni wọ́n á máa pe òun? Kí ni àwọn ọmọ òun á máa gbọ́? Ó ní kí n ro tirẹ̀ náà. Ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀, ó súre fún mi, mo sì ṣe àmín. Mo ń bá sítíárì jà láti Lekki dé Ajah. Láti Ajah dé Awoyaya, níbi tí mò ń gbé, gbogbo èébú tí mo mọ̀ ni mo bú tán, èyí tí ìyá mi ò kọ́ mi pàápàá wà níbẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn, kò béèrè ohunkóhun.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan ni, òun náà ń ka ìwé oyè dókítà, àdúgbò wa ní Awoyaya ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ń ta pákó fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọmọ yẹn mọ̀wé. Ibi tí mo parí iṣẹ́ mi sí ló ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó rí nǹkan kan tí èèyàn lè lú mọ́ awọ fẹ́lẹ́ yẹn, tó jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ sán, bí oòrùn ọ̀sán bá ti kàn án, á tún pa dé fúnra rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, kó tún lọ wò ó. Ó tún un wò, ó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ju tèmi lọ, mo sọ ọ́ láì fi nǹkan kan pa mọ́. Kò pẹ́ tí mo ti Lekki dé ló gbé pépà náà wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo wo ojú ìwé àkọ́kọ́, orúkọ mi ló wà lókè pátápátá. Tirẹ̀ wà nídìí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Pépà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá nìyẹn. Ó ti délé. Mi ò jí i, mi ò tọrọ rẹ̀, ọmọ fi ìkúnlẹ̀ gbé e fún mi. Bí mo bá dákẹ́ lásán, bí mo bá ní o ṣeun, ọmọ dáadáa, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí kí ọdún tó parí. Mo sì fẹ́ ẹ. Inú wá bí mi sí Ọ̀gá ju ti ìgbà tí mo wà nílé rẹ̀ lọ, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀, ó sì mọ bó ṣe máa rí lára mi. Mo da pépà padà sọ́wọ́ ọmọ. Mo ní kó lọ yọ orúkọ mi kúrò lókè, kó fi tirẹ̀ síbẹ̀, kó fi tèmi sídìí.

Ojú ọmọ náà yí. Ó ní, "Mà, kí ni mo ṣe?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Kò gbà mí gbọ́. Bó ṣe ń lọ, ó ń nu ojú. Mo mọ ohun tó rò, ṣebí láàbù kan náà la ti wá: ó rò pé mo ti rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ náà, mi ò fẹ́ kí orúkọ mi wọ ìjàngbọ̀n, tàbí pé ẹnì kan ti bà á jẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Mo gbìyànjú láti pè é, kò gbé fóònù.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó mú ìyá rẹ̀ wá. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, obìnrin náà ṣì wọ sùtánà rẹ̀, kò wọ bàtà, ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ dání. Kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, ó ti wà lórí eékún nínú pálọ̀ mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ní ohunkóhun tí ọmọ òun bá ṣe, kí n fi orí jì í, ọmọdé ni, kò ní bàbá láyé tó lè bá a wí, òun ti bá a wí tán kí wọ́n tó dé. Mo ní Màmá, ẹ dìde, kò ṣẹ̀ mí. Kò dìde. Ó ní bí kò bá ṣẹ̀ mí, kí ló dé tí mo ní kó máa dá lọ síta, kí orúkọ ọmọ lásánlàsàn wà níwájú ti àgbà, kí gbogbo ayé lè máa bi í pé ta ló bí ẹ, ta lò ń tẹ̀ lé?

Ó ní, "Ẹ dákun, Dókítà, ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ṣàánú mi, ẹ gbà á."

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bó ṣe rí lára mi. Ìyá ọlọ́mọ wà lórí eékún, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí kí n bá òun ja ọmọ òun lólè. Ó sì dá a lójú pé oore lòun ń tọrọ. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ọmọ rẹ̀, inú bí mi sí ara mi torí pé bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, nǹkan kan nínú mi ń sọ pé ó ti tó, gbà á, ṣé o ò rí i pé wọ́n ń bẹ̀ ọ́ ni? Ta ló máa bi mí? Mo dìde. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá, mo gbé e síwájú ọmọ náà nílẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Mo bi í pé ta ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní ẹ̀yin ni, mà. Mo tún bi í. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé ìbẹ́pẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo ní mi ò béèrè ẹni tó kọ́ ọ, ta ló ṣe é?

Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni."

Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ṣì í tẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó bí ẹni pé ọmọ òun ń bọ́ra sílẹ̀ lójú títì. Nígbà tó tẹ orúkọ rẹ̀ tán síwájú, mo gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbé wá, mo fún wọn jẹ. Ìyá náà jẹ díẹ̀ kí n má bàa tún bínú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó ní òun á máa gbàdúrà fún mi.

Wọ́n gba pépà ọmọ náà. Bí èyí ṣe ń jáde ni ìgbìmọ̀ jókòó. Mo wọlé tọ̀ wọ́n láìmú nǹkan kan dání. Alága béèrè bóyá Ọ̀gá ń bọ̀, mo ní kò ní wá. Wọ́n ní ó ṣe àwọn láàánú. Dókítà ni mí, dókítà ni mo máa fi fẹ̀yìn tì. Nínú pépà ọmọ yẹn gan-an, níbi tó ti tọ́ka sí iṣẹ́ tí mo ṣe lórí òrùlé, orúkọ Ọ̀gá ló wà níbẹ̀, àti àwọn yòókù. Bí jọ́nà, ìyẹn ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tó tẹ pépà náà jáde, ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà kọ ọ́. Kó tó jáde, ọmọ náà wá bá mi pé òun ò fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó má lọ ba nǹkan jẹ́ nítorí mi. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi nígbà tó lọ tán, mo sunkún, kì í ṣe tayọ̀.

Ọ̀gá gbọ́. Ó pè mí. Mo wà níwájú ilé, mò ń sá aṣọ. Ó ní ó dun òun, ó ní òun gbọ́ pé pépà wà lọ́wọ́ mi tí mo gbé fún ọmọ kékeré, pé agídí mi ti pọ̀ jù láti ìgbà tí mo ti wà ní láàbù. Ó ní òun ti fọ̀nà hàn mí, mi ò gbà. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sìn ín, mi ò já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rí, mi ò sì bi í ní ìbéèrè tí mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ dáhùn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló gun òrùlé?"

Mo gbọ́ ẹyẹ kan tó ń ké lọ́dọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ pé ó jókòó síwájú ilé lábẹ́ sólà rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Kò sẹ́ni tí mo sọ ọ́ fún rí. Ìwọ ni. Ṣé ó ti tó báyìí?"

Mo ní, "Kò tó, sà."